Elétí-Ajá àti Ọ̀rọ̀ Méjìlá Ara Ògiri

Ẹni tó bá wọ ilé ìtajà yẹn, tó gbọ́ orin láti ẹnu sípíkà, tó wá la ẹnu pé "Ó dùn," ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. Elétí-Ajá á rọra bọ́ awò ojú rẹ̀, á fi etí ẹ̀wù nù ún, á wo onítọ̀hún láti orí dé ẹsẹ̀.

"Dùn? Ṣé ṣúgà lẹ wá rà ni? Dùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ níbí. Ẹ padà síbẹ̀, ẹ tún un gbọ́, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún mi."

Adájọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tó ti rán àìmọye èèyàn lọ sẹ́wọ̀n láìwẹ̀yìn, dúró níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí òógùn bò ó. Ó ní, "Ó… ó rọ̀?" Elétí-Ajá ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! A ti ń bọ̀. Ó rọ̀ bíi búrẹ́dì ni àbí ó rọ̀ bí òwú?" Adájọ́ ní bíi búrẹ́dì. Elétí-Ajá ní kó jókòó, ó gbìyànjú. Kíá ni ọkùnrin náà ra sípíkà yẹn, kí wọ́n má baà tún bi í ní òmíràn.

Kì í kúkú ṣe Elétí-Ajá ló ni ilé ìtajà ọ̀hún. Ọ̀gá ló ni ín, obìnrin kan tí Elétí-Ajá ti gbé jó ní kékeré, tó jogún ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó sì jogún Elétí-Ajá mọ́ ọn, bí èèyàn ṣe ń jogún kọ́bọ́ọ̀dù tó fẹ̀ ju ẹnu ọ̀nà lọ. Kò ṣeé gbé jáde, kò sì sẹ́ni tó rántí bó ṣe wọlé. Bàbá Ọ̀gá ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, lọ́jọ́ tí Elétí-Ajá ní òun ń gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀ nínú áńpù, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Nígbà tí wọ́n tú áńpù, aáyán kan yọ jáde, ó ń rìn jẹ́jẹ́ lọ. Láti ọjọ́ náà ni kò ti tajà mọ́, tí kò gbálẹ̀ mọ́. Etí di iṣẹ́ rẹ̀.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Àga kan wà ní yàrá ẹ̀yìn tí ẹlòmíì kò gbọdọ̀ jókòó sí. Á bọ́ bàtà, á di ojú, á ní kí wọ́n gbé àwo orin kan ṣoṣo sí i: obìnrin kan tó ń kọrin pẹ̀lú gìtá, orin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kan tó ti sú gbogbo ará ilé ìtajà. Láàárín orin náà, ẹnì kan lẹ́yìn olórin ṣí ojú ewé ìwé. Fìì, báyìí. Bí Elétí-Ajá bá gbọ́ ìwé yẹn láti ẹnu sípíkà tuntun, sípíkà yege. Bí kò bá gbọ́ ọ, kí wọ́n gbé e kúrò níwájú òun. Lẹ́yìn náà á mú pẹ́ńsùlù, á kọ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta sórí káàdì funfun, á gbé e lé sípíkà lórí. Àwọn oníbàárà gba káàdì yẹn gbọ́ ju etí ara wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ orí káàdì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán o. Ọ̀rọ̀ méjìlá ni, kò lé, kò dín. Ó kọ gbogbo wọn pẹ̀lú ìtumọ̀ sórí bébà fífẹ̀ kan, bàbá Ọ̀gá sì fi ìṣó kàn án mọ́ ara ògiri. LÍLỌ́-WỌ́Ọ́RỌ́: bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun, bó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀, ọmọ á ké. GAARA: bíi fèrèsé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. GBÍGBẸ: bíi bisikíìtì láìsí tíì. KÍKI: bí ẹni ń bá yín sọ̀rọ̀ látinú àpótí aṣọ. ATẸ́GÙN: pé olórin rí àyè na apá. Èyí tó burú jù ni ṢÓKÙNKÙN: bí ẹni da bùláńkẹ́ẹ̀tì bo olórin lórí, tó wá ní kó máa kọrin lọ. Káfíńtà tó ń kan àpótí sípíkà, ọ̀rẹ́ Elétí-Ajá láti ọgbọ̀n ọdún, máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ kẹtàlá ló kù, ìyẹn ÌYỌNU, àti pé kí wọ́n má wulẹ̀ kọ ìtumọ̀ sí i, kí wọ́n kàn lẹ fọ́tò Elétí-Ajá mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ọkùnrin tó ń dẹ́rù ba adájọ́ yìí, ó ní ohun kan tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, kò sì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kankan. Ìyàwó rẹ̀ kò súfèé mọ́.

Télọ̀ ni Ìyá Ìbejì. Yàrá ìránṣọ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Àwọn ìbejì ti dàgbà, kálukú ti lọ sílé ara rẹ̀, ó wá ku òun àti ọkọ rẹ̀ àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Láti ìgbà ọmọge ló ti máa ń súfèé tó bá ń ránṣọ, súfèé abẹ́ eyín, tín-ín-rín, tí kò lórin tí kò légbè. Ìyá rẹ̀ bá a wí títí ó fi sú u. Súfèé yẹn gan-an ló dá Elétí-Ajá dúró lójú pópó lọ́jọ́sí, nígbà tó ń kọjá lọ níwájú ṣọ́ọ̀bù tí ọmọbìnrin náà ti ń kọ́ṣẹ́. Ó wọlé, ó ní òun fẹ́ rán ṣòkòtò. Ó rán ṣòkòtò márùn-ún kó tó lè sọ ohun tó bá wá. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti jọ ń gbé, tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, tó gbọ́ súfèé yẹn lẹ́nu ọ̀nà, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé inú ìyàwó òun dùn sí òun.

Ó ti tó ọdún mẹ́rin báyìí tí kò gbọ́ ọ mọ́. Kò lè sọ ọjọ́ tó dáwọ́ dúró. Ó kàn ṣàkíyèsí lọ́jọ́ kan pé ẹ̀rọ ìránṣọ nìkan ló ń dún. Ohun tó yẹ kó ṣe ò ju kó bi obìnrin náà léèrè lọ, àbí? Kò bi í. Ẹ̀rù ń bà á. Bó bá wá lọ sọ ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀ fún òun ńkọ́? Dípò kó béèrè, ṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í tuba láìmọ ohun tó ń tuba fún. Ó kun yàrá ìránṣọ ní àwọ̀ ewé. Ó ra àga tuntun fún un, àga onírọ̀rí. Ó jáwọ́ nínú fífi ìbọ̀sẹ̀ sórí tábìlì. Súfèé kò dé. Kódà, létí tirẹ̀, ohùn obìnrin náà fúnra rẹ̀ ti yí padà. Ó ń kùn sínú, ó ń gbé ìdajì ọ̀rọ̀ mì. Ọkùnrin yìí á jókòó ti oúnjẹ rẹ̀, á máa rò ó pé: kí ni mo ṣe fún un? Kí ni mo ṣe fún obìnrin yìí? Èèyàn ní ẹnu, kò là á! Ẹ má jẹ́ kí n bínú sí i, ẹ jẹ́ á máa lọ.

Láàárín ọdún mẹ́rin ọ̀hún kan náà, gbogbo sípíkà ayé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn. Ohun tí káàdì ń wí nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ọ̀gá á pè é, "èyí tó dé lánàá ńkọ́?"

"Ó ṣókùnkùn."

"Ti ìjẹta ńkọ́?"

"Ìyẹn tún wá burú jù. Mi ò gbọ́ ìwé."

"Èmi gbọ́ ìwé, Ẹ̀gbọ́n. Ó dún ketekete."

"O gbọ́ ọ nítorí o ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kì í ṣe etí lo fi gbọ́ ọ, orí lo fi gbọ́ ọ."

Elétí-Ajá ní àwọn tó ń ṣe sípíkà ti ya ọ̀lẹ, ní ayé àtijọ́ wọ́n ń fi ọkàn ṣe é. Láràárọ̀ ló ń yí bọ́tìnì tírẹ́bù, ìyẹn èyí tó ń gbé ohùn òkè sókè, sápá ọ̀tún, lónìí díẹ̀, lọ́la díẹ̀. Àwọn oníbàárà á wọlé, wọ́n á di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú bí ẹni tí eyín ń ro, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀, wọn ò sì ní padà wá mọ́. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ń ki òwú bọ etí. Tí Elétí-Ajá bá bi í, á ní òtútù ló ń mú òun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Káfíńtà gbé àpótí tirẹ̀ dé. Oṣù mọ́kànlá ló fi kàn án. Abẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni igi rẹ̀ ti gbẹ fún ọdún méje, títí ìyàwó rẹ̀ fi ní kó mú ọ̀kan, òun tàbí igi. Ó fi bébà oníyanrìn họ ọ́ títí ó fi ń dán bí ẹ̀yìn ìgò. Ọ̀rọ̀ méjì péré ló sì ń wá fún un: LÍLỌ́-WỌ́Ọ́RỌ́ àti GAARA. Kò tíì sí sípíkà tó gba méjèèjì lórí káàdì kan ṣoṣo, nítorí èyí tó bá gaara sábà máa ń tutù, èyí tó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ sì máa ń ki. Káfíńtà ní tí òun bá gba méjèèjì, òun á ṣíwọ́ iṣẹ́, òun á lọ máa sùn.

Elétí-Ajá bọ́ bàtà. Ó di ojú. Obìnrin inú àwo bẹ̀rẹ̀ orin. Ọ̀gá tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yọ òwú létí, ó gbàgbé ohun tó wá mú. Bí ẹni pé olórin náà wà nínú yàrá ni, tó fara ti ògiri. Nígbà tí orin parí, Elétí-Ajá la ojú, ó sì bojú jẹ́ bí ẹni tó fẹ́ túfọ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi. Ó ṣókùnkùn."

"Kí lo wí?"

"Bùláńkẹ́ẹ̀tì."

"Bùláńkẹ́ẹ̀tì wo?"

"Méjì ni, kí n má purọ́ fún ọ. Mi ò gbọ́ ìwé rárá."

Káfíńtà wo àpótí rẹ̀, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Etí rẹ ló wà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì!"

Láti ọjọ́ tí aáyán ti jáde nínú áńpù, kò tíì sẹ́ni tó sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn nínú ilé ìtajà yìí. Elétí-Ajá dìde láìwọ bàtà.

"Ẹ ta kọ́tìnnì síbí," ló wí. "Ẹ kó sípíkà mẹ́ta sẹ́yìn rẹ̀. N ó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń ṣe é nígbà ayé bàbá ọmọ yìí. Bí mo bá ṣì í, ọwọ́ ara mi ni n ó fi fa bébà ògiri yẹn ya, n ó sì dìde lórí àga yìí, ó di gbéré."

"Bó o bá sì gbà á," ni Káfíńtà dáhùn, "n ó fi àpótí mi dáná, n ó sì yáná níbẹ̀!"

Ọ̀gá ń bẹ̀ wọ́n pé ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Wọn ò tiẹ̀ wo ibi tó wà. Wọ́n fi àdéhùn sí àárọ̀ Sátidé.

Ìyá Ìbejì ni wọ́n gbé kọ́tìnnì fún pé kó rán. Lálẹ́ Ọjọ́rú, bó ti ń tẹ́ aṣọ náà, ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Bàbá Ìbejì, ẹ ò rí i pé ó yẹ kí wọ́n bá yín wo etí yín?" Ọkọ rẹ̀ tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáhùn pé rárá, òun ti yó. Obìnrin náà wò ó títí. Ó mí kanlẹ̀, ó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Kí Sátidé tó pé, ọkàn Káfíńtà ti ń rọ̀. Ta ló fẹ́ sun iṣẹ́ oṣù mọ́kànlá? Ta ló sì fẹ́ lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kúrò lórí àga tó fi ọgbọ̀n ọdún jókòó sí? Ó wá dá ọgbọ́n kan. Sípíkà àtijọ́ kan wà nínú yàrá ẹrù tí wọ́n ń pè ní Ológbò, tí ẹnu rẹ̀ ti òkè, ibi tí ohùn òkè ti ń jáde, ti ya, tó máa ń ké bí ológbò tí wọ́n tẹ̀ nírù. Káfíńtà pinnu pé òun máa gbé e sẹ́yìn kọ́tìnnì, kó ṣe ẹ̀kẹta. Ó mọ̀ pé bí Ológbò bá ti ké lẹ́ẹ̀kan, Elétí-Ajá á fò sókè, á bú sẹ́rìn-ín, á bú òun ní oríṣi mẹ́wàá, ìjà á sì parí.

Àárọ̀ Sátidé, Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ wá so kọ́tìnnì rẹ̀. Elétí-Ajá jókòó, ó bọ́ bàtà, ó di ojú. Wọ́n tan àkọ́kọ́, sípíkà tuntun tó dé lọ́sẹ̀ náà. Ó gbọ́ ọ dé òpin. Wọ́n tan èkejì, àpótí Káfíńtà. Ó gbọ́ ìyẹn náà, ó mi orí.

"Ẹ ń tàn mí ni. Ọ̀kan náà ni ẹ tan lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣókùnkùn nígbà àkọ́kọ́, ó tún ṣókùnkùn nígbà kejì."

Káfíńtà bu ètè jẹ. Ọ̀gá tan Ológbò.

Ẹ gbà mí! Ohùn obìnrin inú àwo yọ bí abẹ. Ọ̀gá fi ìka di etí méjèèjì. Káfíńtà ká gúlútú. Níta, ajá oníṣọ̀nà bàtà tó wà lódì kejì òpópónà gbé ẹnu sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Ṣùgbọ́n ojú Elétí-Ajá mọ́lẹ̀ yòò. Ó rọra na ọwọ́ síwájú bí ẹni tó ń yáná.

"Ẹ̀n! Ẹ̀n-ẹ́n! Ẹ gbọ́ nǹkan! Gaara! Atẹ́gùn wà níbẹ̀! Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́!" Omijé ń já bọ́ lójú rẹ̀ tó dì. "Mo gbọ́ ìwé! Ọdún mẹ́rin, ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́ ìwé! Káfíńtà, tìrẹ nìyí. Mo ṣẹ̀ ọ́, ọ̀rẹ́ mi, dárí jì mí. Ọwọ́ rẹ ò tíì kan ohun tó dára tó báyìí rí."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá pa ẹ̀rọ náà. Ajá ṣì ń hu díẹ̀díẹ̀ níta.

Elétí-Ajá la ojú. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni pé gbogbo wọn ló ki ìka bọ etí. Ìyá Ìbejì náà ki ìka bọ etí, ó sì ń wò ó bí ìyá ṣe ń wo ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ó yọ ìka, ó fa kọ́tìnnì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ológbò ló jókòó síbẹ̀. Káàdì kan ṣì wà lára rẹ̀ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn, tí eruku bò. Elétí-Ajá súnmọ́ ọn, ó nù ún. Ọwọ́ ìkọ̀wé tirẹ̀ ni: "Ó ń fá etí bí abẹ. Ẹni tó bá rà á, ẹjọ́ ara rẹ̀ ni."

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Eré ni mo ṣe o," ni Káfíńtà wí, ohùn rẹ̀ kò sì jáde dáadáa. "Mo rò pé wàá rẹ́rìn-ín ni."

Elétí-Ajá wọ bàtà ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì, ó gba iwájú ògiri lọ láti fa bébà ya. Ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Ìbejì, ẹ fi bébà sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà là ń lọ."

Ibẹ̀ ló ti wá rí i pé obìnrin náà ń pariwo. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń pariwo bá òun sọ̀rọ̀, létí tòun sì rèé, bí ẹni ń kùn ni.

Ọ̀dọ́mọbìnrin ni dókítà etí. Ó ti Elétí-Ajá mọ́ inú yàrá kótópó kan, ó gbé nǹkan bò ó létí, ó fún un ní bọ́tìnì kan, ó ní tó bá ti gbọ́ ohùn kí ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn àkọ́kọ́ dún.

"Ó ki díẹ̀," ni Elétí-Ajá wí.

"Bàbá, bọ́tìnì ni kí ẹ tẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ júwe rẹ̀."

"Mo mọ̀, Dókítà, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ̀ pé ó ki. Èyí wá sàn. Èyí gbẹ. Bisikíìtì."

Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ohùn dáwọ́ dúró. Ó jókòó. Ó wo dókítà látinú gíláàsì, dókítà ń yí nǹkan kan. Ó dúró títí. Ó rò ó pé bóyá iná ló lọ, tàbí obìnrin náà ń wá gbólóhùn tó máa fi bú òun. Nígbà tó ṣe, ó kan gíláàsì.

"Dókítà, ìgbà wo lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ apá kejì?"

Dókítà ṣílẹ̀kùn, ó jókòó tì í. Ó rọra sọ ọ́ ni, ṣùgbọ́n ó súnmọ́ ọn tó láti gbọ́. "Mo ti parí rẹ̀, Bàbá."

Ó fi ìlà kan hàn án lórí bébà. Láti apá òsì, ibi ohùn ìsàlẹ̀, ìlà náà lọ tààrà bí ilẹ̀ pálọ̀. Nígbà tó dé apá ọ̀tún, ibi ohùn òkè, ó já wálẹ̀ bí àtẹ̀gùn ilé. Dókítà ní bí àgbà ṣe ń ṣe ẹlòmíì nìyẹn, díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ, ẹni tó ni etí kì í mọ̀. Elétí-Ajá wo ibi tí àtẹ̀gùn ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo gbogbo sípíkà tí òun ti kọ ṢÓKÙNKÙN sí lára. Ojú tì í débi pé kò lè dìde.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni ẹ̀rọ etí dé, méjì, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà lọ. Òun nìkan ló lọ gbà á, nítorí Ìyá Ìbejì ní aṣọ tó gbọ́dọ̀ parí. Bí wọ́n ṣe fi í sí i tán, gbogbo ayé dà bo ọkùnrin yìí. Ṣòkòtò rẹ̀ ń dún. Bàtà rẹ̀ ń ké. Obìnrin kan ń yọ súìtì nínú ọ̀rá lápá ibi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà, Elétí-Ajá sì yíjú wò ó bí ẹni pé ilé ló ń wó.

Ilé ìtajà ló kọ́kọ́ yà sí, nítorí ó ti lérí, kò sì fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun sá. Káfíńtà wà níbẹ̀ tó ń dibọ́n pé òun wá ra ìṣó. Elétí-Ajá jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ní kí wọ́n tan àpótí Káfíńtà. Olórin bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé àárín, fìì, ẹnì kan ṣí ojú ewé ìwé.

Ó mú káàdì, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì sí i, ó nà án sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Káfíńtà kà á. Ó fun imú fún ìgbà pípẹ́.

"Ó yẹ kó o fi ATẸ́GÙN kún un," ló wí níkẹyìn.

"Má sọ pé mo sọ ọ́, ojúkòkòrò ń dà ọ́ láàmú."

Ó wá dìde, ó gba ìdí ògiri lọ láti fa bébà ya gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Ọ̀gá sáré dí i lọ́nà. Ó ní bàbá òun ló fi ìṣó kan bébà yẹn, kò sẹ́ni tó máa yọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ṣì ló ni àga, ṣùgbọ́n láti òní lọ, àwọn àgbà méjèèjì ni yóò jọ máa fọwọ́ sí káàdì. Wọ́n sì ti ń jà lórí káàdì àkọ́kọ́ kó tó kúrò níbẹ̀.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tó délé. Ó ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń dún nínú lọ́hùn-ún. Ó fẹ́ pe Ìyá Ìbejì, àfi bó ṣe dúró gbagidi. Lábẹ́ ìró ẹ̀rọ, lókè rẹ̀, láàárín rẹ̀, tín-ín-rín, tí kò lórin tí kò légbè: súfèé.

Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà yàrá ìránṣọ, ó di férémù mú.

"Ìgbà wo lo tún bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ káàbọ̀. Bẹ̀rẹ̀ kí ni?"

"Súfèé."

"Súfèé kẹ̀?" Ìyá Ìbejì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ta ló sọ fún yín pé mo dáwọ́ dúró? Àná tí ẹ jókòó síbẹ̀ yẹn tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn, kí lẹ rò pé mò ń ṣe?"

Elétí-Ajá jókòó sórí òkìtì aṣọ oníbàárà. Ẹkún gbé e. "Ọdún mẹ́rin ni mo fi rò pé inú rẹ ò dùn sí mi mọ́. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Ẹ̀rù bà mí láti béèrè."

Obìnrin náà wò ó. Lẹ́yìn náà ó wo ògiri.

"Ẹ dúró ná. Ṣé nítorí ẹ̀ lẹ ṣe kun yàrá yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ní àwọ̀ yìí?"

"Ṣebí o fẹ́ràn ewé?"

"Èmi? Ẹ̀yin ni mo rò pé ẹ fẹ́ràn rẹ̀! Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń wò ó tí èébì ń gbé mi! Àga ńkọ́? Ẹ má sọ fún mi pé àga náà…"

"Àga náà."

"Àga tó ń pa mí ní ìdí yìí!" Ó fọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń mì, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá ẹ̀rín ni àbí ẹkún, òun gan-an ò lè sọ. "Gbogbo ohun tí mo ń bá yín sọ láti ọdún mẹ́rin, ẹ ò wá gbọ́ ọ̀kankan?"

"Mo rò pé o kàn ń kùn ni."

"Mo kùn díẹ̀," ni Ìyá Ìbejì gbà.

Ó nu ojú, ó gbé aṣọ sórí ẹ̀rọ. "Ó dáa, ẹ̀yin ọlọ́rọ̀ méjìlá. Ẹ wá sọ ọ́ fún mi. Èwo nínú wọn ni súfèé mi?"

Ó tẹ ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀. Elétí-Ajá bọ́ bàtà. Ó di ojú. Ó yẹ ọ̀rọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. GAARA? Rárá, itọ́ wà níbẹ̀. LÍLỌ́-WỌ́Ọ́RỌ́? Ó tín-ín-rín jù, ó tiẹ̀ mú díẹ̀ lókè. KÍKI kọ́, GBÍGBẸ kọ́. Ká sòótọ́, ohùn náà ń yà kúrò lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tó bá jẹ́ sípíkà ni, wọn ì bá ti gbé e lọ bá Ológbò nínú yàrá ẹrù. Ó ka méjèèjìlá tán, ó tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò rí ọ̀kan.

"Ó dùn," ló wí.

Ẹ̀rọ dúró.

"Kí lẹ wí?" ni Ìyá Ìbejì bi í, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn etí bí ẹni tí kò gbọ́. "Ẹ pariwo díẹ̀."

Ó pariwo rẹ̀.